Ihò Tóóró Lábẹ́ Omi

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ìyàwó, kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi ti fà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àyà ni ó ń kan ọmọ mi, ọkọ rẹ, ní ibi tí wọ́n pín fún wa nínú odò. Lónìí, kò kọjá ìbàdí rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí a ó fi wá wúrà dé láàárọ̀ lórí ọkọ̀ akẹ́rù. Mo ti rò pé yóò tóbi. Kò ju bẹ́ẹ̀dì ọmọdé lọ. Ẹ́ńjìnnì kan, pọ́ǹpù kan, àpótí gígùn tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí kí wúrà lè há sínú rẹ̀, àgbá oníke méjì tí yóò gbé gbogbo rẹ̀ léfòó. Rọ́bà ńlá tó ń fa òkúta àti yanrìn láti ìsàlẹ̀ odò wá sínú àpótí, ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìka mi mẹ́ta lọ. Mo bi wọ́n pé ṣé ìyókù ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Kúkúrú, mẹkáníìkì tí a gbà, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara ọkọ̀ mú. N kò pa á lẹ́rìn-ín. Mo ń béèrè ni.

Ẹni tó tà á ní kí a má bá a lọ jìn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, àti omi àti yanrìn. Mo ní ta ló bi í léèrè. Ọkọ mi gbẹ́ kànga tó jìn ju igi àgbọn lọ kó tó kú, ṣọ́bìrì ló fi gbẹ́ ẹ.

Ọjọ́ kẹfà

Ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. Kúkúrú ní púlọ́ọ̀gì ló dọ̀tí. Mo ní kó kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọjọ́ keje

A bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi so bẹ́líìtì òjé mọ́ ìdí kí omi má baà máa gbé e sókè, ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́nu, ó wọ omi. Inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni èémí rẹ̀ ń gbà. Ẹ́ńjìnnì kan náà ló ń fa yanrìn, òun náà ló ń rán afẹ́fẹ́ sí i. N kò fẹ́ràn pé ẹrú kan ṣoṣo ń sin ọ̀gá méjì, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n fọ kápẹ́ẹ̀tì nírọ̀lẹ́, wúrà tó wà nísàlẹ̀ igbá kò ju ìdọ̀tí abẹ́ èékánná lọ. Kúkúrú ń jó. Mo ní kó dúró kí ilù tó dún.

Kí n sọ ọ́ kó wà níbẹ̀. Ọmọ mi ti sọ pé bí àpótí yìí kò bá mú nǹkan gidi wá kí òjò tó dé, òun yóò mú aya òun lọ sí ìlú ńlá lọ wá iṣẹ́. Kò sí ẹni tó ń pe agbẹ́kànga mọ́. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń lu ilẹ̀ báyìí, láàárọ̀ sí ọ̀sán, omi ti tú jáde. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ, wọn kì í wá. Òun nìkan ló kù lábẹ́ òrùlé mi, n kò sì fẹ́ kó lọ. Ìyàwó dá bírò dúró nígbà tí mo dé ibí yìí. Mo ní kó máa kọ. Kì í ṣe àṣírí.

Ọjọ́ kẹwàá

Owó epo bẹntiróò tún ti gbẹ́nu sókè. Ẹni tó ń tà á ní kì í ṣe ẹjọ́ òun. Kì í kúkú ṣe ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rí.

A ti irin gígùn bọ yanrìn láti mọ ibi tí àpáta wà. Irin ń lọ, ó ń lọ. A so òmíràn mọ́ ọn. Ìgbà tó tó gíga ọmọ mi lọ́nà méjì ló tó dún kò! Orí àpáta yẹn ni wúrà ń sùn, nítorí pé ó wúwo, ó ń jìn wọlé bí gbèsè.

Onírùngbọ̀n wá kí wa. Òun ló ni ẹ̀rọ ńlá tó ń ṣiṣẹ́ ní òkè odò. Ó wo ẹ̀rọ wa, ó wo irin, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Màmá, ẹ wá ibi tí àpáta kò ti jìn. Ẹ̀rọ yín yìí, èémí rẹ̀ kò gùn. Kò lè gbé òkúta láti ìsàlẹ̀ yẹn."

Mo ní, "Ṣé o fẹ́ gba ibẹ̀ lọ́wọ́ wa ni?"

Ó ní, "Ẹ ṣàánú mi, Màmá. Tèmi ò tíì tán."

Ọjọ́ kẹtàlá

A so rọ́bà kún rọ́bà kó lè gùn. Láti ìgbà náà ni òkúta ti ń há a lọ́nà ọ̀fun. Ẹ́ńjìnnì ń ké, rọ́bà ń gbọ̀n, ohun tó ń bọ́ sínú àpótí kò ju omi ẹlẹ́rẹ̀ lọ. Ó ń mí bí arúgbó tó gun òkè. Mo mọ irú èémí yẹn dáadáa.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìjà. Ọmọ mi ní bí òun ṣe ń lọ sísàlẹ̀, ó yẹ kí òun máa fẹ ẹnu ihò náà, kí etí rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ bí ti abọ́. Kúkúrú ti í lẹ́yìn. Ó ní bí a bá fẹ́ rìn sísàlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, a ní láti kó yanrìn yíká rẹ̀ ká tó lọ.

Mo ní, "Títí dìgbà wo?"

Kúkúrú ń wo ọ̀run bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìdáhùn sí.

Mo ní kí wọ́n gbọ́ mi. Nínú ìdílé yìí, kànga tó bá fẹ̀ lẹ́nu, ọ̀lẹ ló gbẹ́ ẹ. Bàbá wọn kì í gbẹ́ ju ibi tí èjìká rẹ̀ lè gbà lọ, ògiri rẹ̀ sì ń dán bí ìkòkò. Ká gbẹ́ ẹ tààrà. Ká kan àpáta. Ká kó ohun tó wà níbẹ̀ kí omi tó dé.

Ọmọ mi ní, "Màmá, ilẹ̀ líle nìyẹn. Omi rèé."

"Ṣé omi ni ìwọ ń gbẹ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn, ti bàbá rẹ̀ ni. Bó bá ti rẹ́rìn-ín báyẹn, ó ti gbà nìyẹn. Òun náà fẹ́ kí ihò òun tọ́.

Ọjọ́ kejìdínlógún

Òkúta tí rọ́bà kò lè gbé, a ti wá nǹkan ṣe sí i. Mo ní kí wọ́n gbé garawa àti okùn bàbá wọn jáde. Ọmọ mi ń kó òkúta sínú garawa nísàlẹ̀, ó ń fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, èmi àti Ìyàwó ń fà á sókè láti orí pátákó. Ọwọ́ mi bó. Ara mi yá. Kúkúrú ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, kí ènìyàn gbẹ́ kànga nínú odò. Mo ní kó máa wò ó kó lè rí ìtàn sọ.

Ọjọ́ ogún

Ihò ti bo orí ọmọ mi mọ́lẹ̀, a kò rí i mọ́ láti òkè. Wúrà lónìí tó ẹyọ ìrẹsì kan. Ìyàwó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, kò mí, kó má baà fẹ́ ẹ lọ.

Ó bi ọkọ rẹ̀ pé báwo ni ara ihò náà ṣe rí. Ó ní òkúta kéékèèké máa ń bọ́ lé òun lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

"Wọ́n ń kí mi ni."

Èmi àti Kúkúrú rẹ́rìn-ín. Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kejìlélógún

Ojú ọ̀run ṣú ní ìhà òkè odò, kò rọ̀. Mi ò lè jókòó sójú kan. Mo gbé àga mi sétí omi, mo gbé e padà sábẹ́ igi, mo tún gbé e sétí omi. Kúkúrú ní bí mo bá tún gbé àga yẹn, òun yóò so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn. Irin ní ó ku bí apá méjì. Apá méjì péré.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Kò sí ohun tí a ó kọ lónìí.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ìyàwó ti gbà láti mú bírò. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún ni. Oòrùn wà lókè. Okùn le lọ́wọ́ mi, mo rò pé òkúta ńlá ló wà nínú garawa. Mo fà á, kò wá. Ìyàwó bá mi fà á, kò wá. Lẹ́yìn náà ni omi pọ́n láti ìsàlẹ̀, ó ń gbòòrò bí aṣọ tí wọ́n tú. Ògiri ihò ti ya lu ọmọ mi.

Kúkúrú na ọwọ́ sí ẹ́ńjìnnì láti pa á kó lè bẹ́ sómi. Ìyàwó pariwo mọ́ ọn:

"Má pa á! Afẹ́fẹ́ rẹ̀ nìyẹn!"

Ọwọ́ Kúkúrú dúró lófuurufú. Ibi tí èémí ọmọ mi ti ń yọ ṣì ń hó lójú omi. Kúkúrú di imú, ó wọlé. Ó jáde, ó ní yanrìn ti bò ó dé abẹ́ apá, orí rẹ̀ wà nínú omi, rọ́bà afẹ́fẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, rọ́bà ńlá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba rọ́bà ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wọlé, ó ń jáde gbé èémí, ó tún ń wọlé.

Etí ihò lókè ló kọ́kọ́ ń fà. Mo ti bọ́ sómi dé ìbàdí, mo ń gbé rọ́bà náà lé èjìká, mo ń pariwo pé, "Ibi àyà ni kó o fà! Ibi àyà!" Kò gbọ́ tèmi. Bó bá gbọ́ tèmi ni, ògiri tó kù ì bá ya lé àwọn méjèèjì lórí. Ó fa òkè kúrò títí ó fi dà gẹ̀rẹ̀, ó tó wá fà á bọ̀ sísàlẹ̀.

Epo fẹ́ tán. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, èémí ti tán nìyẹn. Ìyàwó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó ń da epo sí ẹ́ńjìnnì tó gbóná tó ń ṣiṣẹ́, èéfín ń rú, epo ń ta sí i lápá. Apá náà ti bó báyìí. Kò fẹ́ kọ èyí. Mo ní kó kọ ọ́.

Ìgbà tí orí ọmọ mi yọ lójú omi, kò lè la ẹnu. Eyín rẹ̀ ti rì sínú rọ́bà afẹ́fẹ́ yẹn, ọ̀kan ti kán sínú rẹ̀. Àwa la fi ọwọ́ la ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Garawa wà nísàlẹ̀." Mo gbá a létí.

Nọ́ọ̀sì ní egungun kò ṣẹ́, iṣan ẹsẹ̀ ló fà ya. Kó má tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí Ìyàwó kọ èyí tán, ó wò mí lójú. Kì í wò mí lójú bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kó gbẹ́ ẹ tóóró."

Mo ní, "Èmi ni. Kọ ọ́ síbẹ̀."

Ó kọ ọ́.

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

A ti gbé ẹ̀rọ lọ sí ibi tí odò ti ṣẹ́rí. Irin kan àpáta níbẹ̀ kí omi àti yanrìn tó tó gíga ènìyàn. A tú rọ́bà tí a so kún un kúrò. Kúkúrú ló ń wọ omi. Ọmọ mi jókòó sí àga mi, ẹsẹ̀ lórí àgbá, ó ń pàṣẹ bí ọba. Kúkúrú ní òun kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó wú máa ń mú ẹnu gbòòrò.

Ẹ̀rọ náà ń jẹ òkúta bí ewúrẹ́ tó já sí oko olóko. Èmi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí rí.

Ọjọ́ kẹjọ

Ihò Kúkúrú fẹ̀ lẹ́nu bí yàrá mi. Mo wò ó. N kò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ kẹtàlá

A ti kan àpáta jákèjádò. Kúkúrú fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ inú gbogbo ojú rẹ̀ tó là. Ohun tí a rí kún ìdajì ìgò oògùn ojú. Wúrà ni, kì í ṣe ẹ̀tàn. Kò ní sọ ẹnikẹ́ni di olówó, kò sì tó fi dá ọmọkùnrin dúró sílé. Ọmọ mi gbé ìgò náà sókè sí oòrùn, ó gbé e kalẹ̀, ó jáde. Ó ń tiro yíká ilé títí oúnjẹ fi tutù.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Onírùngbọ̀n wá. Ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, gbogbo odò ló ti gbọ́. Ó ní òun ń wá ẹni tí yóò máa wọ omi fún òun.

"Ẹni tí yanrìn bò dé abẹ́ apá tí kò pariwo, irú ẹni tí mò ń wá nìyẹn."

Ìyàwó ní, "Rọ́bà wà lẹ́nu rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe pariwo?"

Onírùngbọ̀n rẹ́rìn-ín, ó ní èyí tó ń sọ̀rọ̀ yìí náà, òun yóò gbà á, kó máa bójú tó ẹ́ńjìnnì. Ó ní ẹnu rọ́bà tòun fẹ̀ bí orí ọmọ ọwọ́, ó ń ṣiṣẹ́ dé gíga ènìyàn méjì àti ààbọ̀. Ní òkè odò. Wọn yóò máa gbé ibẹ̀. Mo ń wo ojú ọmọ mi bí ó ṣe ń sọ ọ́. Ojú rẹ̀ ti wọ omi lọ.

Mo ní, "Rárá."

Ọmọ mi ní, "Màmá, n kò tíì béèrè."

Ọjọ́ kejìlélógún

Òjò. Omi gun àyà láàárín ọ̀sán. A fa ẹ̀rọ sókè, a da tapólì bò ó. Ó parí.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Òjò ṣì ń rọ̀. Àwa mẹ́ta wà nínú ilé. Ọmọ mi ń pọ́n ọ̀bẹ tó ti mú. Mo dìde, mo jókòó, mo dìde. Bí Kúkúrú bá wà níbí, ó ti so ẹ́ńjìnnì mọ́ mi.

Mo bi Ìyàwó pé kí ló rò.

"Bó bá jókòó, yóò máa mu wá lẹ́jẹ̀. Bó bá lọ sí ìlú ńlá, a kò ní mọ ohun tó wọ̀. Ẹ lọ wo ibẹ̀, Màmá. Ẹ má fi ẹnu lásán kọ̀."

Mo ní kí ni arúgbó yóò lọ wò nínú odò.

"Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ báyìí."

Ọmọ náà ti gbójú. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù gbé mi, òkúta ọ̀nà náà lu ìdí mi títí a fi dé. Omi kò tíì kún níbẹ̀ bíi tiwa, ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn ń rí ìsàlẹ̀. Onírùngbọ̀n ní kí n jókòó, kí n mu tíì. Mo ní kó fi ihò hàn mí.

Ó fẹ̀ bí ojúde ilé. Etí rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀pá. Mo dúró sórí pátákó wọn, mo ń gún etí ihò náà, mo ń gún un, mo yí i ká. Òkúta kan ṣoṣo ló yí, ó yí díẹ̀, ó dúró. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń wò mí bí ẹni tó sọnù. Mo bi wọ́n pé tí ẹ́ńjìnnì bá kú ńkọ́. Wọ́n fi àgbá hàn mí tí afẹ́fẹ́ ti kún inú rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ yóò máa mí nínú rẹ̀ títí yóò fi jáde. Mo bi wọ́n pé tí ara ihò bá ya ńkọ́. Wọ́n ní àwọn méjì ló máa ń wọlé, ọ̀kan ń ṣọ́ ọ̀kan. Mo bi wọ́n pé ta ló ń dá wọn dúró bí ihò bá jìn jù. Onírùngbọ̀n na ìka sí ìyàwó ara rẹ̀, obìnrin ńlá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí kò rẹ́rìn-ín sí mi.

Mo tún yí i ká. Mo ń wá àbùkù, n kò puró. Mo wá a títí oòrùn fi yà sí ẹ̀yìn mi. Mo wo okùn. Mo wo rọ́bà afẹ́fẹ́, mo fi eyín tẹ̀ ẹ́. Onírùngbọ̀n ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

N kò rí àbùkù kankan.

Mo dé ilé nírọ̀lẹ́. Ọmọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, kò béèrè. Ìyàwó ló béèrè, bírò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ni kí n kọ, Màmá?"

Kọ ọ́ pé ó dára. Kọ ọ́ pé mo ní kí ọkọ rẹ lọ. Lẹ́yìn náà kó o gbé ìwé kalẹ̀, kó o lọ di ẹrù rẹ̀, kó o di tìrẹ mọ́ ọn, nítorí pé ọkọ̀ yẹn yóò padà lọ láàárọ̀ ọ̀la, èmi ò sì mọ̀ ọ́n kọ.